Aáwọ̀ franchise níwájú onílàjà: bí ẹ ṣe máa gba ìwé tó múná dóko

Ọ̀pọ̀ èèyàn tó gbé aáwọ̀ franchise, ìyẹn òwò tí èèyàn ń sanwó láti ṣe lábẹ́ orúkọ ilé-iṣẹ́ mìíràn, lọ sí ìlàjà ló ń padà wálé lọ́wọ́ òfo. Wọ́n á jókòó láti àárọ̀ di ìrọ̀lẹ́, wọ́n á bọ ara wọn lọ́wọ́, wọ́n á tiẹ̀ jọ ya fọ́tò. Tó bá di oṣù tó ń bọ̀, ẹni tó ni orúkọ á ní òun ò tíì rí owó, ẹni tó yá orúkọ lò á ní ẹ̀dínwó tí wọ́n jọ sọ kò sí nínú invoice tuntun. Wọ́n á tún padà sí ìbẹ̀rẹ̀. Nǹkan méjì ló sábà ń fà á: wọn ò gbé ìṣirò wá sí ìjókòó, tàbí ẹni tí wọ́n rán wá kò ní àṣẹ láti fọwọ́ sí ohunkóhun.

Ìtọ́sọ́nà yìí wà fún ẹni tó ń ṣòwò lábẹ́ orúkọ ilé-iṣẹ́ mìíràn ní Nàìjíríà, ìbáà jẹ́ ilé oúnjẹ, ilé ìtajà oògùn tàbí ibi ìfọṣọ. Mo máa pe ẹni tó ni orúkọ ní olórúkọ, mo máa pe ẹni tó ń sanwó lò ó ní ayálórúkọ. Ayálórúkọ ni mo ń bá sọ̀rọ̀ jù, nítorí òun ló sábà máa ń wọ yàrá náà láìmúra.

Ẹ mọ èyí ká tó lọ síwájú: Nàìjíríà kò ní òfin kan tó dá dúró fún franchise. Àdéhùn tẹ́ ẹ fọwọ́ sí ni òfin yín. Arbitration and Mediation Act ti ọdún 2023 ló ń darí ìlàjà, Èkó sì tún ní òfin Lagos Multi-Door Courthouse, ibi ìparí aáwọ̀ tó so mọ́ kóòtù, tí wọ́n ń pè ní LMDC. Onílàjà kì í dájọ́. Kò ní sọ ẹni tó jẹ̀bi, kò sì lè fipá mú ẹnikẹ́ni san kọ́bọ̀.

Ohun tẹ́ ẹ gbọ́dọ̀ kó jọ

- Àdéhùn franchise náà lódindi, pẹ̀lú gbogbo àfikún tó wà lẹ́yìn rẹ̀, àti manual iṣẹ́ tí wọ́n kó fún yín.
- Àkọsílẹ̀ títà láti inú ẹ̀rọ ìtajà yín àti sìtéètímẹ́ǹtì báńkì, ó kéré tán ti ọdún méjì.
- Gbogbo invoice tí olórúkọ kọ sí yín, àti rìsíìtì gbogbo owó tẹ́ ẹ ti san.
- Lẹ́tà, ímeèlì àti ọ̀rọ̀ WhatsApp, kí ẹ tò wọ́n bí ọjọ́ ṣe tẹ̀ lé ara wọn.
- Ìwé àdéhùn ilé tí ṣọ́ọ̀bù wà. Ẹ wò ó bóyá orúkọ yín ló wà níbẹ̀ tàbí ti olórúkọ.
- Bí olórúkọ bá jẹ́ ti òkè òkun, ìwé-ẹ̀rí NOTAP, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń forúkọ irú àdéhùn bẹ́ẹ̀ sílẹ̀.

Ẹ má fojú tín-ínrín ohun tó kẹ́yìn yẹn. Àdéhùn tó gbé àmì òwò tàbí ìmọ̀ iṣẹ́ láti òkè òkun wọ Nàìjíríà gbọ́dọ̀ forúkọ sílẹ̀ ní NOTAP láàárín ọjọ́ 60 tí wọ́n fọwọ́ sí i. Láìsí ìwé-ẹ̀rí náà, báńkì ò lè fi royalty, ìyẹn owó tẹ́ ẹ ń san fún lílo orúkọ, ránṣẹ́ jáde lọ́nà òfin. Nígbà míì, ẹni tí olórúkọ ń pè ní onígbèsè ti tọ́jú owó náà pé, ọ̀nà tó máa gbà jáde ni kò sí. Bí ti yín bá rí bẹ́ẹ̀, ẹ gbé e sí ojú-ewé kìíní gbogbo ìwé tẹ́ ẹ máa kọ.

Ìgbésẹ̀ 1. Ẹ ka àdéhùn kí ẹ tó bínú síta

Abala mẹ́rin ni kẹ́ ẹ fi báírò sàmì sí. Abala aáwọ̀ ni àkọ́kọ́: ọ̀pọ̀ àdéhùn ló ní kí àwọn ọ̀gá méjèèjì kọ́kọ́ jọ sọ̀rọ̀, bí kò bá yanjú kí wọ́n lọ sí ìlàjà, lẹ́yìn ìyẹn kí wọ́n lọ sí arbitration (níbi tí ẹni tí wọ́n jọ yàn ti máa dá ẹjọ́ náà lẹ́yìn kóòtù) tàbí kóòtù. Bí ẹ bá fo ọ̀kan, lọ́yà ẹnìkejì máa fi dá yín dúró lọ́nà. Abala lẹ́tà ni ìkejì: adírẹ́sì wo ni lẹ́tà gbọ́dọ̀ lọ, ṣé ímeèlì tó, ọjọ́ mélòó ni wọ́n á kà pé ó ti dé. Ìkẹta ni bí olórúkọ ṣe lè fòpin sí àdéhùn àti iye ọjọ́ tó gbọ́dọ̀ fún yín láti ṣàtúnṣe. Ìkẹrin ni agbègbè: ṣé ẹ̀yin nìkan lẹ ni ín, àbí olórúkọ lè ṣí ilé mìíràn síbẹ̀?

Ẹ tún ṣí ojú-ewé tí ẹ ti buwọ́ lùwé. Bí ẹ bá ṣe onídùúró fún kọ́ḿpìnnì yín, ilé àti mọ́tò yín wà nínú ọ̀rọ̀ yìí, kò pin sí ṣọ́ọ̀bù.

*Ibi tí wọ́n ti ń ṣìnà:* inú á bí wọn, wọ́n á dá royalty dúró kí wọ́n tó kọ lẹ́tà kankan. Lọ́jọ́ náà gan-an ni ẹni tó ń fẹjọ́ sùn ti di ẹni tí wọ́n ń fẹjọ́ rẹ̀ sùn. Bí àdéhùn bá fún yín ní ọjọ́ 14 láti ṣàtúnṣe, olórúkọ á ka ọjọ́ 14 náà pé, á sì ní kẹ́ ẹ sọ pátákó òun kalẹ̀. Owó tẹ́ ẹ gbà pé ẹ jẹ, ẹ san án. Èyí tẹ́ ẹ ń jà lé lórí, bí ẹ bá tilẹ̀ san án, ẹ kọ ọ́ sínú lẹ́tà pé ẹ san án lábẹ́ àtakò.

Ẹ wo ọjọ́ náà. Ní Èkó, ọdún 6 ni òfin fún ẹni tó fẹ́ pe ẹjọ́ lórí àdéhùn, láti ọjọ́ tí wọ́n ti ṣẹ̀ ẹ́. Ẹ má gbọ́kàn lé e pé ìlàjà á dá aago yẹn dúró. Bó bá ti ń sún mọ́, lọ́yà lè pe ẹjọ́, kó sì ní kí kóòtù darí rẹ̀ sí ìlàjà.

*Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò:* ẹ lè sọ fún ẹni tí kò mọ̀dí ọ̀rọ̀ náà, láìwo ìwé, ohun tí àdéhùn ní kẹ́ ẹ kọ́kọ́ ṣe àti ọjọ́ tí àyè yẹn máa dí.

Ìgbésẹ̀ 2. Ẹ sọ ìbínú di ìṣirò

Ibí ni iṣẹ́ pọ̀ sí jù. Bí ẹ bá ní àkókò fún ìgbésẹ̀ kan péré, èyí ni kẹ́ ẹ mú.

Ká sọ pé ilé adìyẹ díndín kan wà ní Bódìjà, n'Ìbàdàn, olórúkọ rẹ̀ wà ní Ìkẹjà. Royalty jẹ́ ìdá 6 nínú ọgọ́rùn-ún owó títà lóṣooṣù. Lóṣù kan, ẹ̀rọ ìtajà sọ pé ₦18,000,000 ló wọlé. Olórúkọ kọ invoice ₦1,080,000. Lójú, ó tọ́. Ṣùgbọ́n VAT ìdá 7.5 wà nínú owó tí oníbàárà san, owó ìjọba sì ni VAT, kì í ṣe títà. Ẹ yọ ọ́ kúrò: títà di ₦16,744,186, royalty rẹ̀ di ₦1,004,651. Ìyàtọ̀ rẹ̀ lé díẹ̀ ní ₦75,000 lóṣù. Ní ọdún méjì ó ti kọjá ₦1,800,000. Ìbéèrè tó wá kù ni bí àdéhùn ṣe túmọ̀ owó títà: ṣé ó yọ owó orí àti owó tí wọ́n dá padà fún oníbàárà, àbí kò yọ ọ́? Ẹni tó gbé èyí wá sí ìjókòó ti sọ ọ̀rọ̀. Ẹni tó wá sọ pé "wọ́n ń rẹ́ mi jẹ" kò tíì sọ nǹkan kan.

Bákan náà ni ọjà tí wọ́n fipá mú yín rà lọ́wọ́ wọn. Ẹ kọ iye tí wọ́n ta páálí adìyẹ kan fún yín lóṣooṣù, kí ẹ kọ iye tí adìyẹ oníwọ̀n kan náà jẹ́ lọ́wọ́ oníṣòwò mìíràn ní ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an. Ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an ni mo wí. Bí ẹ bá fi iye tòní wé iye ọdún tó kọjá, ibẹ̀ ni wọ́n ti máa tú yín palẹ̀. Ẹ fi rìsíìtì tì í. Iye tí wọ́n pè fún yín lórí fóònù kì í ṣe ẹ̀rí.

Ọ̀rọ̀ agbègbè ti le sí i látìgbà tí Chowdeck àti Glovo, àwọn áàpù tó ń gbé oúnjẹ délé, ti dé. Àdéhùn àtijọ́ á sọ pé olórúkọ kò ní ṣí ẹ̀ka mìíràn láàárín kìlómítà mẹ́ta. Kò sọ nǹkan kan nípa oúnjẹ tí ọlọ́kadà gbé láti ẹ̀ka Ring Road wá sí àdúgbò yín. Pátákó kankan kò yọjú, ṣùgbọ́n oníbàárà ti lọ. Ẹ wo títà oṣù mẹ́fà ṣáájú kí ẹ̀ka kejì tó bẹ̀rẹ̀ sí í gbé oúnjẹ wọ àdúgbò yín àti oṣù mẹ́fà tó tẹ̀ lé e, kí ẹ tò wọ́n sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn. Kẹ́ ẹ sì jẹ́ olóòótọ́: bí jẹnẹrétọ̀ bá bàjẹ́ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta láàárín ìgbà yẹn, ẹ kọ ọ́ síbẹ̀. Wọ́n á mọ̀ ọ́n lọ́nàkọnà.

Lẹ́yìn èyí, ẹ ya ìwé kan sí òpó mẹ́rin: ohun tẹ́ ẹ ń béèrè, iye rẹ̀, ẹ̀rí rẹ̀, ohun tí ẹnìkejì máa fi dáhùn. Òpó kẹrin yìí ni ọ̀pọ̀ èèyàn kì í fẹ́ kọ. Agbẹjọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà; ẹ má ṣe irú àgbà bẹ́ẹ̀ sí ara yín. Bí ẹ ò bá rí nǹkan kọ sí òpó náà, ẹ ò tíì mọ ẹjọ́ yín.

*Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò:* ẹ kó ìwé náà fún akántáǹtì kan tí kò sí nínú ìjà. Bó bá ṣírò rẹ̀ tó sì dé iye kan náà láìpè yín béèrè ohunkóhun, ó ti dáa.

Ìgbésẹ̀ 3. Kí ló kù lọ́wọ́ yín bí ìlàjà bá fọ́?

Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ ní owó. Iye tẹ́ ẹ máa rí bí ẹ bá ta àwọn ẹ̀rọ ìdínran ní tòkunbọ̀, owó ilé tẹ́ ẹ ti san sílẹ̀ tí kò ní padà, owó òṣìṣẹ́, owó lọ́yà, àti ọdún tí ẹjọ́ lè gbà. Lẹ́yìn náà ẹ ṣe ti olórúkọ: royalty tí kò ní wọlé mọ́, ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n tì pa tí orúkọ rẹ̀ ṣì wà lójú títì, àwọn ayálórúkọ yòókù tó ń wòran. Ìwé méjèèjì yìí ló máa sọ iye tó kéré jù tẹ́ ẹ lè gbà. Ẹ fi í sínú àpò yín. Kò gbọ́dọ̀ dé orí ẹgbẹ́ WhatsApp ilé-iṣẹ́, kódà fún mánẹ́jà tẹ́ ẹ fọkàn tán.

Ìgbésẹ̀ 4. Ẹ kọ lẹ́tà ìpè, kí ó jẹ́ méjì

Lẹ́tà kìíní jẹ́ lẹ́tà gbangba. Ó tọ́ka sí abala aáwọ̀ nínú àdéhùn, ó sọ kókó ìjà ní gbólóhùn mẹ́rin tàbí márùn-ún, ó ní kí ẹ jọ lọ sí ìlàjà, ó dárúkọ onílàjà méjì tàbí mẹ́ta, ó sì fi ọjọ́ kan sílẹ̀ fún èsì. Ẹ má bú ẹnikẹ́ni nínú rẹ̀. Adájọ́ lè kà á lọ́jọ́ kan.

Lẹ́tà kejì ni èyí tí ìfilọni owó wà nínú rẹ̀, bí ẹ bá ní ọ̀kan. Ẹ kọ "without prejudice" gàdàgbà sí orí rẹ̀. Abala 196 nínú Evidence Act ti 2011 sọ pé ohun tó wà nínú ìwé tí wọ́n sàmì sí bẹ́ẹ̀, nígbà tí wọ́n ń wá ìparí ìjà, kò gbọ́dọ̀ di ẹ̀rí sí yín lọ́rùn ní kóòtù.

*Ibi tí wọ́n ti ń ṣìnà:* wọ́n á kó ohun méjèèjì pọ̀ sínú lẹ́tà kan, wọ́n á sì kọ "without prejudice" sí i lórí. Lọ́jọ́ tí wọ́n bá fẹ́ fi hàn pé àwọn kìlọ̀, pé àwọn pe ẹnìkejì sí ìlàjà, lẹ́tà náà kò ní ṣe é mú jáde.

*Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò:* ẹ ní ẹ̀rí pé lẹ́tà kìíní dé adírẹ́sì tó wà nínú àdéhùn, ìbáà jẹ́ ìwé tí wọ́n buwọ́ lù nígbà tí wọ́n gbà á tàbí ti oníkúríà.

Ìgbésẹ̀ 5. Ẹ yan onílàjà

LMDC wà ní Èkó láti ọdún 2002. Ẹ lè gbé ọ̀rọ̀ lọ síbẹ̀ fúnra yín láìpe ẹjọ́, tàbí kí adájọ́ ní kẹ́ ẹ lọ. Abuja ní tirẹ̀, àwọn ìpínlẹ̀ mìíràn náà ti ń dá irú rẹ̀ sílẹ̀. Yàtọ̀ sí ìyẹn, ẹ lè jọ yan onílàjà aládàáni. Institute of Chartered Mediators and Conciliators ní àwọn ọmọ ẹgbẹ́ tó ń ṣe iṣẹ́ náà. Citizens' Mediation Centre ti ìjọba Èkó kì í gbowó, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ onílé àti ayálégbé, gbèsè kékeré àti ìjà ẹbí ló mọ́ wọn lára jù.

Ẹ bi í bóyá ó ti rí ìwé ìṣirò royalty rí, bóyá òun tàbí ọ́fíìsì rẹ̀ ti gba iṣẹ́ lọ́wọ́ olórúkọ rí, àti bí wọ́n ṣe ń pín owó rẹ̀. Ìdajì-ìdajì ni ó wọ́pọ̀. Bí olórúkọ bá ní òun á san gbogbo rẹ̀, ẹ dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn, kí ẹ san ìdajì tiyín.

Àwọn kan fẹ́ gbé e lọ bá àgbà tí gbogbo èèyàn bọ̀wọ̀ fún: pásítọ̀ wọn, Alhaji kan, tàbí baálẹ̀. Èmi kò sọ pé kò dáa. Ṣùgbọ́n àgbà máa ń fi ẹ̀bẹ̀ parí ìjà, "ẹ fọwọ́ wọ́nú, torí tiwa," ẹni tó bá sì kéré jù nínú yàrá ló máa fọwọ́ wọ́nú. VAT tí wọ́n ti gba royalty lé lórí láti ọdún méjì kò gbọ́ ẹ̀bẹ̀. Bí ẹ bá fẹ́ kí àgbà wà níbẹ̀, kó jókòó ti onílàjà.

Ìgbésẹ̀ 6. Ìwé kúkúrú fún onílàjà

Ojú-ewé mẹ́rin tó. Ta ni yín, kí ló ṣẹlẹ̀ ní ọjọ́-sí-ọjọ́, ìwé olópòó mẹ́rin yẹn, ohun tẹ́ ẹ fẹ́ kó ṣẹlẹ̀ lọ́dún tó ń bọ̀. Ẹ so àwọn abala àdéhùn tó kàn án mọ́ ọn, kì í ṣe gbogbo àdéhùn. Ẹ pín in sí méjì: èyí tí ẹnìkejì lè rí, àti èyí tó jẹ́ fún ojú onílàjà nìkan, kí ẹ sì kọ ọ́ sí i lórí bẹ́ẹ̀.

Ìgbésẹ̀ 7. Ta ló máa jókòó?

Ẹni tó lè fọwọ́ sí i. Bí ẹ bá jẹ́ kọ́ḿpìnnì, ìpinnu àwọn olùdarí gbọ́dọ̀ wà ní kíkọ: orúkọ ẹni náà, iye tó lè gbà tàbí san, àti pé ó lè buwọ́ lu ìwé ìparí lọ́jọ́ yẹn. Ẹ ní kí olórúkọ fi tirẹ̀ ránṣẹ́ ṣáájú. Bí ẹni tí wọ́n rán bá ní "màá pe ọ̀gá," ẹ sọ fún onílàjà kíákíá pé ẹ fẹ́ kí ọ̀gá náà wà lórí fóònù tàbí Zoom títí wọ́n fi parí, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ kí wọ́n sún ọjọ́ síwájú. Bí ẹni tí kò láṣẹ bá gbọ́ ìfilọni yín, á kàn gbé e relé ni, ibẹ̀ sì ni ìjókòó tó ń bọ̀ máa ti bẹ̀rẹ̀.

Ọ̀kan tí ìwé kì í sọ: bí owó ìyàwó tàbí ọkọ yín bá wà nínú òwò náà, ẹ jẹ́ kí òun náà mọ iye tó wà nínú àpò yẹn. Àdéhùn tí wọ́n fọwọ́ sí lọ́sàn-án lè tú lórí tábìlì oúnjẹ alẹ́.

*Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò:* ìwé àṣẹ ẹ̀gbẹ́ méjèèjì ti wà lọ́wọ́ onílàjà kí ọjọ́ náà tó pé.

Ìgbésẹ̀ 8. Ọjọ́ ìjókòó

Ìwé àdéhùn ìlàjà ni ẹ máa kọ́kọ́ buwọ́ lù: pé ọ̀rọ̀ inú yàrá kò ní jáde, pé onílàjà kò ní di ẹlẹ́rìí. Òfin 2023 náà fi ọwọ́ sí àṣírí yìí. Lẹ́yìn náà ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan á sọ tirẹ̀. Ẹ sọ ọ́ fúnra yín, kò ní ju ìṣẹ́jú mẹ́wàá lọ, kí lọ́yà máa wo òfin. Lọ́yà tó bá sọ̀rọ̀ fún wákàtí kan ti sọ yàrá náà di kóòtù.

Ìpàdé ìkọ̀kọ̀ ló kàn. Onílàjà á máa wọlé bá yín, á tún jáde lọ bá wọn. Kẹ́ ẹ tó sọ ohun tó jẹ́ àṣírí, ẹ kọ́kọ́ sọ pé àṣírí ni, kì í ṣe lẹ́yìn tẹ́ ẹ bá ti sọ ọ́ tán. Bó bá ti fẹ́ jáde, ẹ bi í: "Kí lẹ máa sọ fún wọn?" Kó tún un sọ fún yín.

Ìbéèrè tí mo máa ń fẹ́ kí wọ́n dáhùn kí wọ́n tó fọwọ́ kan owó ni pé, ṣé ẹ ṣì ń bára yín lọ àbí ẹ ń pínyà? Gbogbo nǹkan ló wà lábẹ́ rẹ̀. Àwọn tó ń bára wọn lọ lè fi ohun tí kì í ṣe owó parí gbèsè: agbègbè tó gbòòrò sí i, ọdún méjì lórí àdéhùn láìsanwó àtúnṣe, ìlànà tuntun fún owó adìyẹ. Àwọn tó ń pínyà kò ní irú nǹkan bẹ́ẹ̀, owó àti ọjọ́ ni tiwọn.

Ẹ wo bó ṣe lè lọ. Màmá tó ni ṣọ́ọ̀bù Bódìjà jẹ gbèsè royalty oṣù mélòó kan. Mánẹ́jà tí olórúkọ rán wá kò tíì pé ogójì ọdún.

"Mà," onílàjà ní, "bí wọ́n bá so owó adìyẹ mọ́ iye ọjà, ṣé ẹ lè san gbèsè yẹn láàárín oṣù mẹ́fà?"

"Ẹ bá mi bi ọmọ mi yẹn, ta ló máa wo iye ọjà náà? Bó bá jẹ́ àwọn náà ni, a ò tíì sọ nǹkan kan."

Mánẹ́jà náà dìde díẹ̀ lórí àga. "Ẹ má bínú, mà. Ẹ jẹ́ ká mú oníṣòwò mẹ́ta, ká gba iye wọn lọ́jọ́ Monday àkọ́kọ́ oṣù, ká mú èyí tó wà láàárín. Ẹ̀yin ni kẹ́ ẹ mú ọ̀kan nínú wọn."

Ọ̀rọ̀ ti dé ibi tó yẹ nìyẹn. Adájọ́ kan kì í ṣe irú ìlànà bẹ́ẹ̀ fún èèyàn. Yóò ní ẹ̀yin lẹ jẹ tàbí ẹ̀yin kọ́ lẹ jẹ.

*Ibi tí wọ́n ti ń ṣìnà:* tó bá di ìrọ̀lẹ́, tó ti rẹ gbogbo èèyàn, ẹnìkan á ní a kì í ti kóòtù bọ̀ ká ṣọ̀rẹ́, ẹ jẹ́ ká fọwọ́ sí i ká máa lọ. Òótọ́ lòwe náà, ṣùgbọ́n kì í ṣe ìdí láti fọwọ́ sí iye tó kéré sí èyí tó wà nínú àpò yín. Ẹ jẹun, ẹ jáde síta, ẹ yọ ìwé yẹn wò.

Ọ̀kan sí i: onílàjà kò lè dá ẹnikẹ́ni lọ́wọ́ kọ́. Bí olórúkọ bá ti fẹ́ wá yọ pátákó lọ́la, kóòtù ni lọ́yà yín máa sáré lọ fún àṣẹ ìdádúró, ìlàjà a sì máa bá a lọ.

Ìgbésẹ̀ 9. Ẹ kọ ọ́ kí ẹ tó dìde

Ibí ni ọ̀pọ̀ ìlàjà ń kú sí. "Lọ́yà á tẹ̀ ẹ́ jáde lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀." Lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, oníkálukú á ti rántí nǹkan mìíràn. Ẹ gbé kọ̀ǹpútà sórí tábìlì, kẹ́ ẹ kọ ọ́ níbẹ̀, bó tilẹ̀ di agogo mẹ́wàá alẹ́.

Ẹ fi méjì yìí wé ara wọn. "Ayálórúkọ máa san gbèsè rẹ̀ díẹ̀díẹ̀, olórúkọ náà máa ro ọ̀rọ̀ owó adìyẹ." Ìyẹn kò lè dúró níbi kankan. "Ayálórúkọ máa san ₦4,200,000 ní ìgbà mẹ́fà, ₦700,000 ní ọjọ́ 28 oṣù kọ̀ọ̀kan, sí àkáǹtì tó wà ní àfikún kìíní. Bí ọjọ́ méje bá kọjá lẹ́yìn ìkìlọ̀ tí owó kan kò wọlé, gbogbo èyí tó kù máa di sísan lẹ́ẹ̀kan." Èyí ni adájọ́ lè ṣiṣẹ́ lé lórí. Ẹ kọ bóyá VAT wà nínú iye náà. Ẹ kọ bóyá ayálórúkọ máa kọ́kọ́ yọ owó orí tí òfin ní kó yọ lára royalty. Ẹ kọ àwọn ẹ̀sùn tó ti parí ní orúkọ-orúkọ, kí ẹnikẹ́ni má baà hú wọn jáde mọ́.

Bó bá jẹ́ ìpínyà, pátákó nìkan kọ́ ló máa ń dá ìjà padà sílẹ̀. Ẹ kọ ọjọ́ tí ìkọ̀ọ̀kan máa kúrò: pátákó, àwọ̀ ara ògiri, yunifọ́ọ̀mù, ojú-ewé Instagram, nọ́ńbà WhatsApp tí oníbàárà fi ń pè, orúkọ ṣọ́ọ̀bù lórí Google Maps, àti ìwé ìlànà oúnjẹ. Páálí àti ọ̀rá tí wọ́n ti tẹ orúkọ sí, tó kún yàrá ẹ̀yìn, ta ló máa rà á padà, ní èló? Bí abala kan bá sọ pé ayálórúkọ kò gbọ́dọ̀ ta irú oúnjẹ bẹ́ẹ̀ mọ́, àdúgbò wo, oṣù mélòó?

*Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò:* ẹ fún ẹni tí kò sí nínú yàrá ní ìwé náà. Kó sọ ta ló máa ṣe kí ni, lọ́jọ́ wo, kí ló ṣẹlẹ̀ bí kò bá ṣe é. Níbi tó bá ti kọsẹ̀, ẹ tún un kọ. Lẹ́yìn náà kí gbogbo yín buwọ́ lù ú, kí onílàjà náà buwọ́ lù ú.

Ìgbésẹ̀ 10. Ẹ sọ ọ́ di ìdájọ́

Bó bá jẹ́ ní LMDC, adájọ́ tó ń bójú tó ìlàjà lè fọwọ́ sí ìwé ìparí náà, á sì ní agbára ìdájọ́ High Court. Bí ẹjọ́ bá ti wà nílẹ̀, àwọn lọ́yà á fi Terms of Settlement, ìyẹn ohun tẹ́ ẹ jọ fẹnu kò sí, sílẹ̀ kí adájọ́ sọ ọ́ di ìdájọ́ àjọgbà. Ẹnikẹ́ni kò lè pe ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn lórí irú ìdájọ́ bẹ́ẹ̀ láìkọ́kọ́ gba àyè. Abala 241 ìwé òfin ìpìlẹ̀ Nàìjíríà ti 1999 ló sọ bẹ́ẹ̀. Bó bá jẹ́ ìlàjà aládàáni, Act ti 2023 ní ìwé ìparí náà de tọ̀túntòsì, kóòtù sì lè mú un ṣẹ.

Olórúkọ òkè òkun ńkọ́? Nàìjíríà wà lára àwọn tó fọwọ́ sí Àdéhùn Singapore lórí ìlàjà, èyí tó ń jẹ́ kí ìwé ìparí múlẹ̀ ní àwọn orílẹ̀-èdè mìíràn tó wà nínú rẹ̀, ní August 2019, Act 2023 sì gbé e wọlé. Ohun tí àdéhùn yẹn máa béèrè lọ́wọ́ yín kò pọ̀: ìwé tí ẹ̀gbẹ́ méjèèjì buwọ́ lù, àti ẹ̀rí pé ìlàjà ló bí i. Ìbuwọ́lùwé onílàjà tó fún ẹ̀rí yẹn, ìdí nìyẹn tí mo fi ní kí òun náà buwọ́ lù ú. Bí royalty tàbí ọdún bá yí padà, ẹ mú àtúnṣe náà lọ sí NOTAP pẹ̀lú.

Bí kò bá yanjú

Ẹ béèrè lọ́wọ́ onílàjà bóyá apá kan ti yanjú. Ó wọ́pọ̀ kí ọ̀rọ̀ VAT parí kí ti agbègbè kù. Ẹ kọ èyí tó parí, ẹ fọwọ́ sí i, kí ìjà yín kéré sí i. Ohun tí wọ́n sọ nínú yàrá kò gbọ́dọ̀ tẹ̀ lé yín dé kóòtù, ṣùgbọ́n ìwé tó ti wà kẹ́ ẹ tó wọlé ṣì jẹ́ ẹ̀rí.

Bí àdéhùn bá ní arbitration, ibẹ̀ ló kàn. Bí kò bá ní, ọ̀rọ̀ owó àti àdéhùn máa lọ sí High Court ìpínlẹ̀. Ọ̀rọ̀ lílo àmì òwò lọ́nà àìtọ́ jẹ́ ti Federal High Court. Ní Èkó, ẹni tó fẹ́ pe ẹjọ́ gbọ́dọ̀ kún Form 01, kó fi hàn pé òun ti gbìyànjú láti parí ìjà nítùbí-ìnùbí. Lẹ́tà kìíní yín, ẹ̀rí pé ó dé ọwọ́ wọn, àti ìwé kúkúrú tí onílàjà kọ pé ìlàjà ti parí láìsí àdéhùn ni kẹ́ ẹ so mọ́ ọn. Ẹ gba ìwé onílàjà yẹn lọ́jọ́ kan náà, kí ẹ tó kúrò lọ́dọ̀ rẹ̀.